Ẹ̀KỌ́ LÁRA ẸṢIN: Bí Ẹranko Ṣe Ń Ran Aláàbọ̀ Ara àti Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ní ilẹ̀ wa, ohun ọlá ni ẹṣin. Àwọn ọba àti balógun ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára Ọ̀yọ́ ní pápá ọ̀dàn. Títí di òní, ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé balógun a máa gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jáde níwájú gbogbo ènìyàn. Bí a bá rí ẹnì kan lórí ẹṣin, èrò wa ni pé ẹni ńlá ni. Ta ni nínú wa tí yóò rò pé ó yẹ kí a gbé arọ gun ẹṣin?

Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fún àríyá, bí kò ṣe fún ìtọ́jú. Ọmọ tí iṣan ara rẹ̀ le gbagidi, ẹni tí ó ní àrùn rọpárọsẹ̀, ọmọ tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ọmọ ogun tí ìbẹ̀rù ogun kò fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti parí: gbogbo wọn ni a ń mú lọ sọ́dọ̀ ẹṣin. Àwa fẹ́ wádìí nǹkan mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ yìí: kí ni ẹṣin lè ṣe fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ni kò lè ṣe, àti kí ni àwa tí a kò ní ẹṣin lè rí kọ́ níbẹ̀.

I. OBÌNRIN KAN NÍ ILẸ̀ DENMARK

Lis Hartel ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1921 ni a bí i ní ilẹ̀ Denmark, láti kékeré ni ó sì ti ń gun ẹṣin. Ó di ẹni tí a mọ̀ nínú irú ìdíje tí a ń pè ní dressage. Nínú ìdíje yìí, a kì í wo bí ẹṣin ti ń sáré tó, bí kò ṣe bí ó ti ń gbọ́ràn sí ẹni tí ó gùn ún tó: kí ó rìn, kí ó yí, kí ó dúró, kí ó fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ lọ́nà tí a yàn, láìsí ariwo, nípa àmì tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran kò fi ní rí i.

Ní ọdún 1944, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23, tí ó sì lóyún, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú. Ó bí ọmọbìnrin rẹ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ìyá fúnra rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́: ó kọ́ bí a ti ń gbé apá sókè, ó kọ́ bí a ti ń rá, ó kọ́ bí a ti ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀pọ̀ iṣan ara rẹ̀ tún jí, ṣùgbọ́n láti orúnkún dé ìsàlẹ̀ kò padà sípò mọ́ títí tí ó fi kú ní ọdún 2009.

Ẹni tí ó bá mọ ẹṣin gùn yóò mọ bí àdánù náà ti pọ̀ tó, nítorí ẹsẹ̀ ni a fi ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. A ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìhà rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá kí ó lọ tàbí kí ó yà. Hartel kò ní èyí mọ́. Ó ní láti kọ́ èdè mìíràn: ó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, àti bí ó ti ń gbé ìwúwo ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bá ẹṣin rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹṣin náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jubilee, kọ́ láti gbọ́ èdè yìí. Ènìyàn ni ó ń gbé Hartel gun ẹṣin, ènìyàn ni ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó tán, òun ni ọ̀gá.

Títí di ìgbà náà, àwọn ọkùnrin nìkan ni a ń gbà láàyè nínú ìdíje dressage ti Olympic. Ọdún 1952, ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni a kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn náà fún àwọn obìnrin, Hartel sì wà nínú obìnrin mẹ́rin tí ó wọlé. Òun ni ó ṣe ìkejì, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà níwájú ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá. Nígbà tí àkókò tó láti gun orí pèpéle, Henri Saint Cyr ará Sweden, ẹni tí ó gba wúrà, ni ó ràn án lọ́wọ́ láti dé ibẹ̀. Ní ọdún 1956, nígbà tí a ṣe ìdíje ẹlẹ́ṣin ní Stockholm, ó tún gba fàdákà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹṣin kò wo ẹsẹ̀ Hartel sàn. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn nígbà tí ó lọ sí Helsinki, ọ̀pá náà ni ó sì fi padà. Ohun tí ẹṣin fún un ni ipò kan tí agbára tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ ńlá. Orí kókó yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa dúró lé.

II. BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI TÀN KÁLẸ̀

Lẹ́yìn ìdíje wọ̀nyí, àwọn oníṣègùn tí ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Bí obìnrin yìí bá lè ṣe èyí, kí ni àwọn ọmọ tí ń bẹ ní ilé ìwòsàn kò lè ṣe? Ní ilẹ̀ Norway, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti lẹ́yìn náà ní Jámánì, Austria àti Switzerland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn aláìlera gun ẹṣin, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Ní ọdún 1969, a dá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Riding for the Disabled Association sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin Ọba, Princess Anne, di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1971, ó sì di ààrẹ rẹ̀ ní ọdún 1985. Ọdún 1969 kan náà ni a dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1996, ní Atlanta, ìdíje ẹṣin wọ inú ìdíje Paralympic, èyí tí í ṣe ti àwọn aláàbọ̀ ara láti gbogbo ayé.

III. OHUN TÍ ÌRÌN ẸṢIN Ń ṢE NÍNÚ ARA

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Èéṣe tí ó fi jẹ́ ẹṣin? Èéṣe tí a kò fi gbé aláìsàn náà sórí àga tí ń mì?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ẹṣin ti ń rìn.

Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ìbàdí rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó ń lọ sókè sódò, ó ń lọ sí ọ̀tún àti òsì, ó sì ń yí síwájú sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀. Ara wa mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ń ronú nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá rìn rí, láti ìgbà tí a ti bí i, kò ní ìrántí ìrìn yìí nínú ara rẹ̀ rárá. Nísinsin yìí, nígbà tí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ ní ọ̀nà mẹ́ta kan náà: sókè sódò, sí ọ̀tún àti òsì, síwájú àti sẹ́yìn. Ó ń gbé ìbàdí ẹni tí ó jókòó lé e ní ọ̀nà tí ó jọ ìrìn ènìyàn gidigidi. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí ń gba ẹ̀kọ́ ìrìn lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kejì ni pé kò sí ìgbésẹ̀ kan tí kì í ti ẹni tí ó gun ẹṣin kúrò lójú kan díẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ dáhùn: iṣan ikùn a fà, ti ẹ̀yìn a fà, orí a gbìyànjú láti dúró ṣánṣán. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọmọ náà ti ṣe irú ìdárayá yìí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, láìkùn, nítorí kò mọ̀ pé ìdárayá ni. Ọmọ tí ń sunkún nígbà tí a bá ní kí ó jókòó ṣánṣán lórí ẹní ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá jókòó ṣánṣán lórí ẹṣin.

Ẹ̀kẹta ni ooru ara. Ara ẹṣin gbóná ju ti ènìyàn lọ díẹ̀. Ó tó nǹkan bí ìwọ̀n 38, nígbà tí tiwa jẹ́ 37. Ooru yìí, pẹ̀lú ìmì jẹ́jẹ́ àti bí a ti ya ẹsẹ̀ méjèèjì sí ìhà ẹṣin, ń ran itan tí ó le gbagidi lọ́wọ́ láti dẹ̀.

IV. BÍ A TI Ń ṢE É

Ẹ má ṣe rò pé a kàn ń gbé aláìsàn sórí ẹṣin kí a sì na ẹṣin ní pàṣán. Iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni. A ń yan ẹṣin tí ó ní sùúrù, tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. A sì ń kọ́ ọ títí tí kẹ̀kẹ́ aláìlera, ọ̀pá ìtìlẹ̀, igbe òjijì àti ọwọ́ tí ń gbọ̀n kì yóò fi dẹ́rù bà á mọ́. A ń kọ́ pèpéle tí ó ga, tí ó ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a lè ti kẹ̀kẹ́ aláìlera gùn ún, kí a sì gbé e sórí ẹṣin láìfipá fà á. A ń dé àṣíborí fún un. Ẹnì kan ń fa ìjánu níwájú. Bí ó bá yẹ, ẹnì kan ń rìn ní ọ̀tún, ẹnì kan ní òsì, kí wọ́n lè dì í mú bí ó bá fẹ́ ṣubú. Olùkọ́ tàbí oníṣègùn dúró, ó ń wo bí ara ti ń dáhùn.

Ó tọ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí irú iṣẹ́ mẹ́ta. Èkíní ni ti oníṣègùn tí ń fi ìrìn ẹṣin ṣe irinṣẹ́ fún ìtọ́jú ara. Aláìsàn lè má dá ẹṣin náà darí rárá. Èkejì ni ti olùkọ́ ẹṣin gígùn, tí ń kọ́ aláàbọ̀ ara láti di ẹlẹ́ṣin gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí ń tọ́jú ọkàn, níbi tí a kì í sábà gun ẹṣin, tí ó jẹ́ pé títọ́jú rẹ̀ àti fífà á rìn ni iṣẹ́.

Nínú irú kejì yìí, ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Bí ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ bá jókòó lórí ẹṣin, ẹni tí ó fa ìjánu kò ní gbé ẹsẹ̀. Ó ń dúró, ẹṣin náà sì dúró pẹ̀lú. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, tàbí kí ó fi ọwọ́ kan ọrùn ẹṣin, kí a tó lọ. Nígbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹranko ńlá náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu lójú kan náà. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ti ń pàṣẹ fún láti ìgbà tí a ti bí i rí i pé àṣẹ tirẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

V. ẸNI TÍ KÒ YẸ KÍ Ó GÙN ÚN

Òwe àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá lè ṣubú, mélòómélòó ni aláìlera? Nítorí náà, oníṣègùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ olúkúlùkù wò. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́, ẹni tí wárápá rẹ̀ kò tíì ṣe é dá dúró, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ púpọ̀, ẹni tí egbò wà ní ibi tí yóò fi jókòó: ẹṣin lè pa wọ́n lára. Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn Down gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ọrùn, nítorí egungun méjì tí ó wà lókè ọrùn àwọn mìíràn nínú wọn kò dì mọ́ra dáradára. Ẹṣin pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi.

VI. ỌGBẸ́ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Títí di ìsinsin yìí, ti ara ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ mìíràn wà tí oníṣègùn kò lè fi ọwọ́ kàn. Ẹni tí ó ti rí ikú lójú ogun, tàbí tí a ti lù tí a sì ti fi ipá bá lò ní kékeré, lè máa gbé ayé bí ẹni pé ewu náà kò tíì kọjá. Ìró ìlẹ̀kùn a mú un fò. Oorun a jìnnà sí i. Kò sì ní lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Ẹranko tí a ń dọdẹ ni ẹṣin nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Kì í ṣe kìnnìún tí ń pa ẹran jẹ. Eré sísá ni ohun ìjà rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ibi díẹ̀ níwájú orí rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ìgbà gbogbo ni ó ń ṣọ́ bóyá ewu ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìbẹ̀rù ń dà láàmú bá alábàápín kan pàdé nínú ẹṣin. Bí ó bá wọlé pẹ̀lú ìbínú, bí ara rẹ̀ bá le, ẹṣin a gbé orí sókè, a sì sún kúrò. Kò bú u, kò sì dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kò purọ́ fún un pẹ̀lú. Ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀, kí ó sọ èjìká rẹ̀ kalẹ̀, kí ó rìn jẹ́jẹ́. Nígbà náà ni ẹṣin yóò padà wá. Ẹni tí ó ti rò pé òun kò lè káwọ́ ara òun mọ́ rí ẹ̀rí pẹ̀lú ojú rẹ̀ pé òun lè ṣe é.

VII. OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Kò yẹ kí a gba ohun gbogbo gbọ́ nítorí pé ó dùn létí. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Columbia ní New York, àwọn olùwádìí kó àwọn ajagun-fẹ̀yìntì 63 jọ, tí àárẹ̀ ọkàn láti ọwọ́ ìbẹ̀rù ń yọ lẹ́nu. Wọ́n bá ẹṣin ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, ìṣẹ́jú 90 nígbà kọ̀ọ̀kan, láìgun ẹṣin. Ní ọdún 2021 ni a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ó ju ìdajì wọn lọ díẹ̀ tí ara wọn fúyẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a fi wé wọn. Nítorí náà a kò lè sọ pé ẹṣin nìkan ni ó ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà kan náà, ní ọdún 2015, a tẹ ìwádìí mìíràn jáde nípa àwọn ọmọ 127 tí wọ́n ní ọ́tísíìmù, láti ọmọ ọdún 6 dé 16. Apá kan gun ẹṣin fún ọ̀sẹ̀ 10. Apá kejì kọ́ nípa ẹṣin láìfọwọ́ kan ẹṣin alààyè. Àwọn tí ó gun ẹṣin dín ìbínú àti àìlèfara-balẹ̀ wọn kù ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Ẹ̀rí yìí lágbára ju ti ìṣáájú lọ, nítorí a ní ohun tí a fi wé e. Síbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ni a rí, kì í ṣe ìwòsàn pátápátá. Ẹni tí ó bá fi oògùn àti dókítà sílẹ̀ nítorí ẹṣin ti ṣìnà.

VIII. Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA

Ọ̀wọ́n gógó ni ẹṣin ní àárín wa. Láti ayé àtijọ́, eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun kò jẹ́ kí ẹṣin gbilẹ̀ nínú igbó wa. Ṣé a ó wá sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kò kàn wá? Rárá o. Ọ̀pọ̀ àgbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà ní kékeré ń bẹ láàárín wa. Àwọn ọmọ tí ara wọn le gbagidi ń bẹ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé, tí àlejò kì í rí. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ti sá fún ìpaǹle àti ìjínigbé, tí oorun kò kùn wọ́n mọ́.

Kí ni a ń ṣe fún wọn? A ń fún wọn ní oúnjẹ, a ń fún wọn ní owó, a sì ń káàánú wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí dáradára, a ó rí i pé kì í ṣe àánú ni ó gbé Lis Hartel dé Helsinki. A gbé e gun ẹṣin, lóòótọ́. Lẹ́yìn náà a fi okùn ìjánu lé e lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí ó pé ni èyí tí ó gbé ènìyàn dé ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Olùkọ́ tí ó mú kí arọ máa pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, tí ó ń dúró pẹ̀lú sùúrù títí akólòlò yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó fi ewúrẹ́ tàbí adìẹ ilé ẹ̀kọ́ sí ìtọ́jú ọmọ tí ẹ̀rù ń bà: òun pẹ̀lú ti fi okùn ìjánu lé ẹnì kan lọ́wọ́.

Òwe tí a pa lókè sọ pé ilẹ̀ ni ẹni tí ó gun ẹṣin ń bọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìbí rẹ̀ kò bẹ̀rù ilẹ̀ bí tiwa. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bí ayé ti rí láti òkè. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sókè kí ó wò ó.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ẹṣin fún Lis Hartel, kí sì ni kò lè fún un?

2. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni ẹ̀yìn ẹṣin ń gbà lọ nígbà tí ó bá ń rìn? Èéṣe tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ọmọ tí kò rìn rí?

3. Àwọn wo ni kò yẹ kí a gbé gun ẹṣin? Ta ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò?

4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwádìí ọdún 2015 àti ti 2021? Èwo ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?

5. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní àdúgbò yín tí a lè fi lé aláàbọ̀ ara kan lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí.